Irúgbìn Kì í Ṣe Mánà

                                                  Ìletò Kavumbu,
                                                  Ọ̀nà Mutomo,
                                                  Kitui.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2014.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọmọ, ẹ kú ooru Wote. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀, àbí òkè ibi ìpọnmi yẹn ṣì ń dà á láàmú? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ káfíńtà ń lọ déédéé? Ẹ bá mi kí wọn gan-an ni. Àwa náà wà níbí. Mutheu ti ṣe ìdánwò ìwé kẹjọ tán. Ó ti ga jù mí lọ báyìí, ẹnu rẹ̀ náà sì ti gùn ju tèmi lọ. Ara wa le, a dúpẹ́. Ṣùbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, inú ń bí mi, ó sì ti lé ní oṣù méjì tó ti ń bí mi. Kò ṣe é sọ lórí fóònù, torí fóònù kan ṣoṣo tó wà nílé, àpò bàbá Mutheu ló ń gbé, bàbá Mutheu gan-an ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún.

Ẹ mọ bí ọdún tó kọjá ṣe rí fún wa. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwa náà tò sórí ìlà níwájú ọ́fíìsì olóyè láti gba àgbàdo ìrànwọ́, èmi ọmọ bàbá wa tí kì í tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ọjọ́ yẹn ni mo búra pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ sí mi mọ́. Nígbà tí a wá rí ìwọ̀nba díẹ̀ kó lóṣù kẹjọ, mo ṣa èyí tó yọmọ jù nínú rẹ̀. Mo pò ó mọ́ eérú, mo rọ ọ́ sínú agbè mẹ́ta, àgbàdo nínú méjì, ẹ̀wà nínú ẹ̀kẹta, mo fi ìgbẹ́ màlúù dí wọn lẹ́nu, mo gbé wọn kọ́ sókè àká. Mo sì kéde fún gbogbo ilé pé irúgbìn oṣù kẹwàá nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fojú oúnjẹ wò ó.

Ẹ ṣáà rántí pé a jọ lo ọjọ́ mẹ́rin níbi ìsìnkú àbúrò bàbá wa ní Ikutha lóṣù kẹsàn-án. Ẹ rí i bí mo ṣe ń fi ọkàn balẹ̀ rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi. Bí mo ṣe padà délé, agbè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo rí lórí ọgbà, wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n dojú wọn dé, oòrùn ń pa wọ́n.

Mo ní, "Bàbá Mutheu, irúgbìn dà?"

Ó ní, "Ìyá Mutheu, káàbọ̀ ná. Jókòó, mu omi."

"Mi ò mu omi. Irúgbìn dà?"

Ó wá ń ṣàlàyé pé àwọn akọrin ìjọ wa láti Mwingi wá ṣe ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta, èèyàn mẹ́rìnlélógún, pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n fi wọ́n wọ̀ sí nítorí pé alàgbà ni òun. Ó ní kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò. Ó gbójú sókè wo àká, ó rí ìpèsè Olúwa.

"Ẹ fọ eérú ara rẹ̀, ẹ sì sè é?"

"A fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó dùn, ìyá Mutheu. Gbogbo wọn ló ń yìn ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi, ó ní wọ́n ń yìn mí!

Mo bi í pé kí la máa wá gbìn. Ó rọra jókòó bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọdé ní ìwé. Ó ní, "Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó fi mánà pamọ́ di ọjọ́ kejì, ṣebí ìdin ló bo gbogbo rẹ̀? Oúnjẹ òòjọ́ ni Olúwa ní ká máa bèèrè. Kò ní ká bèèrè ti oṣù kẹwàá."

"Irúgbìn kì í ṣe mánà," ni mo dá a lóhùn. "Mánà ń bọ́ láti ọ̀run. Ta ló rí àgbàdo tó bọ́ láti ọ̀run rí?"

"Àníyàn rẹ ti pọ̀ jù."

Mutheu tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà wá ní kí a jọ̀ọ́, kí a má jà, pé òun náà jẹ nínú rẹ̀ o, pé ó dùn lóòótọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Mutheu ni mo fi ń ránṣẹ́ sí i. "Sọ fún bàbá rẹ pé omi ìwẹ̀ rẹ̀ ti gbóná. Sọ fún un pé omi òòjọ́ ni, kó má wulẹ̀ dá a sí." Mo tilẹ̀ lọ bá pásítọ̀ wa tó wàásù mánà ọ̀hún níbi ìsọjí náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó ní, "Ìyá Mutheu, mo ní kí wọ́n má ṣàníyàn ni. Mi ò ní kí wọ́n se irúgbìn jẹ." Mo bi í bóyá òun ní irúgbìn nílé. Ó wolẹ̀. Àpò méjì ló ní!

Ìyá ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà wá dé ọ̀dọ̀ wọn, Màmá Syovata tó ń gbé lórí òkè ní òdìkejì odò gbígbẹ. Mo ti máa ń rò pé ara wọn ni bàbá Mutheu ti kọ́ gbogbo èyí, torí wọn kì í sọ̀rọ̀ mẹ́ta kí wọ́n má dárúkọ Ọlọ́run nínú méjì. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí àwa méjèèjì wá, kí ẹnì kan má dá wá. A bá wọn lórí àpótí, ọ̀pá wọn wà lórí itan. Ọkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí.

"Musembi, ta ló kọ́ ẹ láti máa se irúgbìn?"

"Màmá, àlejò ló dé, Ọlọ́run sì ní…"

"Dákẹ́ síbẹ̀! Jósẹ́fù tó kó ọkà jọ fún ọdún méje, ṣé kèfèrí ni? Nígbà tí bàbá ẹ kú tó fi ẹ̀yin márààrún sílẹ̀ fún mi, àdúrà ni mo fi tọ́ yín, òótọ́ ni. Ṣùbọ́n bí èèyàn bá ń sunkún, á ṣì máa ríran. Bó bá ń gbàdúrà náà, kó máa ríran."

Inú mi dùn débi pé ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n yíjú sí mi wàrà.

"Ìwọ náà, kí lò ń rín? Mutheu ní o ti ṣètò títí dé ọdún tí òun máa jáde yunifásítì. Ó ní bó o bá ń rokà, ò ń ka ìka. Bó o bá ń pọnmi, ò ń ka ìka. Ìka yẹn ló máa rọ òjò?"

Wọ́n wá ní kí ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fa nǹkan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Agbè ńlá méjì ni, àgbàdo àti ẹ̀wà, ó kún dé ọrùn. Wọ́n ní, "Gbogbo ohun tó wà nìyí, kò sí òmíràn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbìn ín sínú eruku kí òjò tó dé. Ẹni tó bá dúró de òjò, èpò ni yóò kórè."

Ẹ mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn gbígbìn sínú eruku láti kékeré. Bí òjò bá tàn wá jẹ pẹ́nrẹ́n, tó rọ ìwọ̀nba tó máa mú u hù, tó tún lọ, ó parí nìyẹn. Ṣùbọ́n irúgbìn Màmá ni, ọ̀rọ̀ Màmá sì ni. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, a ro ilẹ̀ tó gbóná bí àwo tí a fi ń yan àgbàdo, mo ju gbogbo ohun tí a ní sínú ihò, mo fi ẹsẹ̀ bò ó. Èmi tí wọ́n ń pè ní oníṣirò, ìṣirò mi pin síbẹ̀. Kò sí ohun tó kù fún mi láti ṣe ju kí n wojú sánmà. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Ohun tó wá ya mí lẹ́nu ni bàbá Mutheu. Ọjọ́ kẹta ni àparò dé sínú oko. Ọkùnrin tó ní kí n má ṣàníyàn ń jí ní ìdájí, ó ń sáré lé àparò kiri pẹ̀lú agolo lọ́wọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ nínú oko. Mo rò pé àdúrà ló ń gbà. Àṣé ìka ló fi ń tú ihò.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Mo ń wò ó bóyá ó ṣì wà."

"Ṣé Ọlọ́run yín ò mọ iye tó kù ni?"

Ó rọra da erùpẹ̀ padà. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi pé àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, ọjọ́ Sunday, la wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òjò tó ń tọrọ gáfárà. Páànù orí ilé ìjọsìn ń ró débi pé ẹnu pásítọ̀ nìkan là ń rí. Gbogbo èèyàn ń jó. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí bàbá Mutheu. Mo sáré jáde. Inú oko ni mo bá a pẹ̀lú kóòtù kan ṣoṣo tó ní, omi mù ún dé orúnkún. Ìdènà tí a fi erùpẹ̀ àti òkúta mọ ní ìdábùú oko lápá òkè ti ń já, omi ń wọ́ ilẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ń ké pe Olúwa.

"Ìyá Mutheu! Òkúta! Gbé òkúta wá!"

"Mò ń gbàdúrà!"

"Máa gbà á bọ̀! Gbé òkúta dání!"

Mo gbé òkúta. Mutheu náà dé, ó ti ká aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sókè orúnkún. A di ìdènà kejì tó wà lápá ìsàlẹ̀ mú títí ọwọ́ wa fi bó, ṣùbọ́n tòkè já mọ́ wa lọ́wọ́, omi sì gbé irúgbìn apá ibẹ̀ lọ. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀, mo sunkún. Bàbá Mutheu jókòó tì mí. Kò ka ẹsẹ Bíbélì kankan. Ó ní, "Ìwọ lo sọ òótọ́ nípa irúgbìn yẹn. Má bínú." Ọdún kẹrìndínlógún tí mo ti wà nílé rẹ̀ nìyí, mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Irúgbìn apá ìsàlẹ̀ ti hù báyìí, ó dúdú mìnìjọ̀, ẹ ò ní rí àlàfo kan níbẹ̀. Bó bá gbó, àá jẹun títí di oṣù karùn-ún. Tòkè ṣófo. Òun fúnra rẹ̀ ló dábàá pé ká gbin ndengu, ẹ̀wà wíníwíní aláwọ̀ ewé yẹn, síbẹ̀, torí kì í pẹ́ gbó, òjò tó kù sì lè gbé e. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá irúgbìn ndengu tó dára lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Wote, kí ẹ fi rán bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ ní ọjọ́rú. Kó má kọjá ọjọ́rú o. Bàbá Mutheu dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ní n kò gbọdọ̀ parí rẹ̀ láìsọ fún yín pé kí ẹ máa gbàdúrà fún wa. Mo ti sọ ọ́. Ṣùbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ so ẹnu àpò irúgbìn náà le ná.

Màmá Syovata ń kí yín, Mutheu ń kí yín, ó ní kí ẹ má gbàgbé bàtà tí ẹ ṣèlérí. Kí Olúwa tú orúnkún yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa fi òróró pa á.

Èmi ni, àbúrò yín tí inú ṣì ń bí díẹ̀,

Kalekye