Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí N Kúnlẹ̀ Dá Padà

Irọ́ ni mo pa, ẹ̀yin òǹkàwé, èmi ni mo sì kọ́kọ́ pa á. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe jẹ́, inú ń bí mi gan-an.

Ọkọ mi mutí wakọ̀ ní Skokie, lẹ́bàá Chicago níbí, ọlọ́pàá mú un. Ẹni tí a ń pè ní Àlùfáà níbi tí a ti ń kírun Jímọ̀... ọtí. Adájọ́ gba license rẹ̀, ó fún un ní ìwé pé Monday sí Friday nìkan ni kó máa wakọ̀, láti ilé sí warehouse tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Bolingbrook, kó sì padà sílé tààrà. Tí wọ́n bá bá a lọ́nà mìíràn, ẹ̀wọ̀n ni. Nítorí náà, tó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa gba kọ́kọ́rọ́, èmi ni mò ń wa gbogbo wa kiri ní weekend.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìwó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé Woodridge, tí kò gbọ́ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, pè pé kó lọ gbé Màmá ní airport ní Saturday. Ọkọ mi ń kólòlò lórí fóònù, àánú rẹ̀ ṣe mí. Wọ́n kọ́ wa nílé pé obìnrin kì í tú àṣírí ọkọ. Mo gba fóònù, mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́, èmi ni mo fẹ́ máa wakọ̀ báyìí.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ó gbé irọ́ tí mo fi bò ó, ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó ń pín in kiri. Ó ní Amẹ́ríkà ti kó sí mi lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kí mi ní Ọ̀gá Dẹ́rẹ́bà lẹ́yìn ìrun, òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín... Ó tiẹ̀ sọ fún mi pé ní Ohio, nọ́ńbà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ni wọ́n ń kàn mọ́ ọkọ̀ àwọn tó mutí wakọ̀ kí ayé lè mọ̀, ó ń dúpẹ́ pé Chicago la wà. Èmi ò bá a dúpẹ́. Ìbá wù mí kí wọ́n kan tiẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

Wọ́n wá pè mí sí Woodridge. Mo kúnlẹ̀. Màmá ní ọkọ kì í jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ìyàwó máa darí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí n dá kọ́kọ́rọ́ padà, pé lọ́jọ́ Iléyá, ọkọ mi ni àwọn fẹ́ rí nídìí ọkọ̀, kí èmi àti àwọn ọmọ wà lẹ́yìn. Ọkọ mi jókòó níbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń mutí o... peppermint tó ń jẹ kò lè bo òórùn yẹn.

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ̀rọ̀, Màmá tó gbà pé Àlùfáà lòun bí, ṣé ara rẹ̀ á gbà á? Wọ́n á sì ní èmi ni mo dójú ti ọkọ mi. Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ọmọ méjì ni mo bí, àwọn méjèèjì ló máa wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Iléyá tó dé. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé kí n ní sùúrù, sùúrù ló gbé mi débí.