Ihò Inú Etí Hamadi

A bí olóògbé Dókítà Dalenda Souissi ní ọdún 1956 ní Kraten, ní erékùṣù Kerkennah, sínú ilé Mabrouk Souissi apẹja àti Mannoubia aya rẹ̀. Òun ni àkọ́bí. Hamadi tí ó tẹ̀lé e ya adití láti inú ìyá rẹ̀ wá; ìdílé wa kò ṣàjèjì sí adití.

Ó kàwé girama ní Sfax, ó sì gboyè ìṣègùn ní Tunis ní 1982. Kò lọ́kọ. Àwọn tó wá tọrọ rẹ̀ ń bẹ̀rù ilé adití, òun náà kò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Ní 1995, ọkọ̀ ojú omi kọlu Hamadi lójú òkun. Wọ́n fọn fèrè títí, kò gbọ́. Kí a tó sin ín, Dalenda kúnlẹ̀ fún ìyá wa: “Màmá, ẹ jẹ́ n mú eegun etí rẹ̀ kan. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe wá.” Ìyá wa sunkún, wọ́n ní kó mú un.

Ní yàrá ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́, ó gé inú etí náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ, ó ya àwòrán ègé kọ̀ọ̀kan lábẹ́ awò amú-nǹkan-tóbi, ó sì tò wọ́n léra lórí kọ̀ǹpútà títí wọ́n fi di odidi etí tí a lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló ti rí ihò lára awọ fẹ́lẹ́ kan, níbi tí kò yẹ kí ihò wà.

Ọ̀gá yàrá ìwádìí ní: “Abẹ rẹ ló ya á, Dalenda. Dí i lórí kọ̀ǹpútà, jẹ́ kó dán. Àlejò ń bọ̀ wá wò ó.”

“Ọ̀gá, abẹ lè ya ègé kan. Ṣé gbogbo ègé tó tẹ̀ léra ló máa ya lójú kan náà?”

Nígbà tí ó lọ ṣọdún Iléyá nílé, ọ̀gá àti àwọn èèyàn rẹ̀ dí ihò náà, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ lé àwòrán náà lórí. Lórí kọ̀ǹpútà, adití ti di ẹni tó ń gbọ́rọ̀. Dalenda fàáké kọ́rí, wọ́n sì lé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó bèèrè àwọn ègé etí àbúrò rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti dà wọ́n nù.

Kò fi ìrun márààrún ṣeré, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ adití Kraten ní ìwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó jáde láyé ní oṣù kẹta ọdún 2023. Ogójì ọjọ́ rẹ̀ la pé fún lónìí. Ọ̀gá yẹn wà láàárín wa. Ẹ kú ìjókòó, ọ̀gá. Ẹ jẹ kúskúsù, ṣùgbọ́n a kò ní fún yín ní àyè ọ̀rọ̀ sísọ.

Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni èmi Saïda àbúrò rẹ̀, Emna ọmọ Hamadi, àti Rim ọmọ Emna, ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí a bá pe Rim láti ẹ̀yìn, kì í wẹ̀yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà kan ní Sfax fi àwòrán etí tó dán yẹn, tó ti wọ inú ìwé ìṣègùn, han Emna, ó ní etí ìdílé wa kò lábùkù, agídí ló ń ṣe ọmọ náà.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ ọ sí Alujánnà onídẹ̀ra. Sùn re o, ọmọ Mabrouk. Àwa kò tíì dárí jì wọ́n.