Ọmọ Alágbẹ̀dẹ Tó Dé Láti Patagonia

                                                  Lional, Nis,
                                                  Erékùṣù Lewis.
                                                  8 Oṣù Kẹwàá, 1968.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ciorstaidh,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú òtútù Glasgow. Ṣé ara ọkọ yín ti mókun? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà dáadáa níbí, a sì ti wa ọ̀dùnkún tán.

Àlejò kan dé bá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, darandaran láti Patagonia, ní ìsàlẹ̀ Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún. Ramón Magoban lorúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọ-ọmọ Dòmhnall, ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà wa, lòun. Bàbá ò tilẹ̀ ní kó jókòó.

“Smith là ń jẹ́ níbí,” ni wọ́n wí. “Mi ò mọ Magoban kankan.”

“Bí akọ̀wé ibodè ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, sà. Mac a' Ghobhainn ni bàbá àgbà mi pè.”

Kò yà mí lẹ́nu. Ṣebí tíṣà ló sọ tiwa náà di Smith nílé ìwé. Ọmọ Alágbẹ̀dẹ náà ni ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀.

Bàbá ní, “Tó bá jẹ́ tiwa ni ẹ́, ka ìran rẹ kí n gbọ́.”

Èdè wa lẹ́nu rẹ̀ dà bíi ti ará Sípéènì, ṣùgbọ́n kò ṣì í: Ramón ọmọ Alasdair, ọmọ Dòmhnall, ọmọ Murchadh, ọmọ Iain Alágbẹ̀dẹ, ẹni tí wọ́n lé kúrò ní Harris kí àgùntàn onílẹ̀ lè ráyè jẹko.

Ojú Bàbá yí padà, kì í sì í ṣe ti ìdùnnú. Ẹ rántí pé títí bàbá àgbà fi kú ni wọ́n ń lọ wo ọkọ̀ létíkun, bóyá ẹ̀gbọ́n wọn tó lọ á bá a dé.

“Kí ló dé tí Dòmhnall ò kọ lẹ́tà, bó ṣe ẹyọ kan?”

“Ojú ń tì í ni, sà. Àgùntàn onílé iṣẹ́ ló dà títí ó fi kú. Ó ní òun ò lè kọ̀wé sílé láìní tòun.”

“Ta ló bi í léèrè àgùntàn?” Bàbá pariwo, wọ́n sì jáde. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, wọ́n ní ṣé mo ti fún ọmọ náà lẹ́ja jẹ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ramón jókòó tì wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Alàgbà Tarmod bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, “Aonghas, àjèjì wo lo mú wá yìí?”

Bàbá ò gbójú kúrò nínú Bíbélì. “Kì í ṣe àjèjì. Ọmọ wa ni. Ó kàn pẹ́ kó tó dé ni.”

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ìyá ní kí ẹ máa wọ ìbọ̀sẹ̀.

Èmi ni àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Mòrag.