Abọ́ Dàápọ̀ fún Bàbá Rẹ àti Àbúrò Mi

Làtífù Àkànní, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Èkó? Ṣé òkun tí wọ́n ní ó wà lẹ́yìnkùlé yín kò tíì wọlé bá yín? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ ọ fún mi ní àlọ àti àbọ̀, iṣẹ́ rẹ kò níí bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Èmi ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, Tíṣà Obadiah ló ń bá mi kọ ọ́. Tíṣà ní kí n rọra máa sọ ọ́, pé ọwọ́ òun kò yá tó ẹnu mi.

Mo ṣì ń ta oúnjẹ ní ìdíkọ̀ Ìkirè. Dàápọ̀ náà ni, èyí tí àwọn onílọ́rì máa ń dúró jẹ lóru kí wọ́n tó kọrí sí Ìbàdàn. Ẹ̀wà rírọ̀ nísàlẹ̀, dòdò àgbagbà tó pọ́n àpọ́njù lórí rẹ̀, tí mo fi epo pupa àti ata dín títí tó fi dúdú, gààrí díẹ̀, ọbẹ̀ àti pọ̀nmọ́ á wá bo gbogbo rẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ ní kí n fi iṣu sísè sí i lábẹ́. Àwọn Gàmbàrí tó ń kó obì kò fẹ́ gààrí, ata gígún ni kí n dà lé e. Àwọn ará Apòmù bí àbúrò mi Mọ́nsúrù, ẹ̀kọ tútù ni wọ́n ń rún sí i, wọ́n á ní àwa ará Ìkirè kò mọ oúnjẹ jẹ. Mo bi akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ bóyá wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀ dé Èkó lè gbé dòdò fún ọ, tí mo bá fi ewé dì í dáadáa kí epo má jò. Ó wò mí títí, ó ní wáyà náà tín-ín-rín jù. Mo gbà fún un.

Ọmọ mi, jókòó kí o tó ka èyí tó kù.

Lẹ́yìn Iléyá, àwọn kan tí ìjọba rán dé oko wa lọ́nà Ìkirè-Ilé. Wọ́n ń wo igi kòkó bàbá rẹ, wọ́n ń fi ọ̀dà funfun sàmì sí i lára. Bàbá rẹ ti lọ kí olóòkú ní Ìkòyí tó wà nítòsí Apòmù. Èmi rò pé ẹ̀yẹ ni, pé ìjọba rí i pé kòkó wa dára, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ ilé ìwé tó gba ipò kìíní. Mo se dàápọ̀ ìkòkò kan fún wọn, mi ò gba kọ́bọ̀. Mo tilẹ̀ fi igi kan tí wọ́n gbàgbé hàn wọ́n, wọ́n sì fi ọ̀dà kun òun náà.

Nígbà tí wọ́n padà wá, àáké ni wọ́n mú lọ́wọ́. Wọ́n ní àrùn tó ń mú ẹ̀ka wú wà lára àwọn igi tí wọ́n sàmì sí, pé yóò ran ti ẹlòmíràn. Bàbá rẹ ń fi èso hàn wọ́n lórí igi. Wọ́n gé gbogbo rẹ̀.

Bàbá rẹ kò jẹun mọ́. Mo fi iṣu sí i bíi ti ará Ifẹ̀, mo fi ata gígún sí i bíi ti Gàmbàrí, mo yọ pọ̀nmọ́, mo fi ẹja gbígbẹ dípò rẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ kan abọ́, wọ́n á ní kí n gbé e fún ẹni tó bá fẹ́. Wọn ò bá mi wí rárá. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Nígbà tí àkókò owó orí dé, iṣẹ́ kan ṣoṣo tó wà ni ti àwọn tó ń gé kòkó. Bàbá rẹ gba àáké, wọ́n tẹ̀ lé wọn lọ sí Orílẹ̀-Òwu. Ọjọ́ tí bàbá rẹ ti ibẹ̀ dé ni wọ́n jẹ abọ́ wọn tán. Àwọn aládùúgbò kò kí wa mọ́.

Iṣẹ́ náà wá dé oko Mọ́nsúrù ní Apòmù. Mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ lọ́jọ́ náà, ó ṣojú mi. Mọ́nsúrù dúró lẹ́nu ọ̀nà oko pẹ̀lú àdá, ó ní ẹni tó bá kọjá yóò rí i. Bàbá rẹ ju àáké sílẹ̀, wọ́n dá nìkan lọ bá a, pé kó má jẹ́ kí wọ́n tìtorí igi sọ àwọn ọmọ rẹ̀ di aláìníbaba. Mọ́nsúrù bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n fi ọ̀nà oko òun hàn. Kí wọ́n tó dáhùn, àdá ti bà wọ́n lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Mọ́nsúrù fúnra rẹ̀ ló já aṣọ ara rẹ̀ dì í, òun ló gbé wọn dé ìdí lọ́rì, ó wá rìn lọ bá ọlọ́pàá. Wọ́n gé kòkó rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọsibítù Ìbàdàn, wọ́n gé ọwọ́ náà kúrò kí ẹ̀mí má baà lọ.

Ọlọ́pàá tẹ àtàǹpàkò mi sínú tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó ní ohun tí mo rí nìyẹn. Mi ò fọ ìka náà títí di ọjọ́ ẹjọ́, kí ọ̀rọ̀ mi má baà ṣí kúrò lára ìwé. Abọ́ méjì ni mò ń bù. Awakọ̀ kan ń bá mi gbé ọ̀kan dé Ìbàdàn, èmi ń gbé èyí tó ní ẹ̀kọ lọ sí àtìmọ́lé. Mọ́nsúrù kì í fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá sọ pé bàbá rẹ ti jẹun.

Ní kóòtù, bàbá rẹ sọ pé àáké ọwọ́ àwọn ló yọ̀. Adájọ́ ní ìyàwó wọn ti tẹ̀ka pé àdá ni. Bàbá rẹ ní kí adájọ́ má dá mi lóhùn, pé èmi ni mo rí ọ̀dà lára kòkó tí mo rò pé ẹ̀yẹ ni, tí mo tún se oúnjẹ fún àwọn tó kùn ún. Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Mo tẹríba. Wọ́n sì dá Mọ́nsúrù sílẹ̀.

Ó wá sí ìdí oúnjẹ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, níbi tí bàbá rẹ jókòó sí. Ó bu gààrí sínú abọ́ bàbá rẹ, kì í ṣe ẹ̀kọ, ó ń bù ú sí wọn lẹ́nu títí abọ́ fi ṣófo. Ó ti lọ wáṣẹ́ sí Kùmásí.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, ra ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn fún bàbá rẹ, kí ó gùn dáadáa. Fi díẹ̀ sí i kí n fi ra ẹ̀wà. Tí o bá wálé, dọ̀bálẹ̀ bí o ti máa ń ṣe, má wo apá náà. Ohun tí wọ́n bá nà sí ọ, ọwọ́ òsì ni wọn yóò fi nà án. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí o bá wa láyé. Ọ̀nà rẹ yóò là. Àmín.

Èmi ìyá rẹ,
Àṣíáwù