Ìwé Olóǹtẹ̀ Tí Ìyá Rẹ Rì Bọ Ìkòkò Omi

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń rí oorun sùn lálẹ́? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó sọ nǹkan mìíràn, mo ti kí ọ nìyẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ti ẹlòmíràn, àmín.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ wá lọ́wọ́. O ní ẹ rí kòkòrò nínú omi odò wa ní láàbù yín níbi tẹ́ ẹ ti ń yẹ omi wò, o ní ìjọba ní kó o kọ ọ́ pé kò sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á lé ọ lẹ́nu iṣẹ́. Kò yé mi. Ṣé ìjọba náà ti fojú sí awò tẹ́ ẹ fi ń wo omi yẹn? Sún fún wọn kí wọ́n jókòó, àgbà ló ń kọ́kọ́ wo nǹkan.

Wọn ò tiẹ̀ dúró dè ọ́ o. Ọ̀gá ìjọba kan wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pín ìwé olóǹtẹ̀ kiri ojúlé, ó ní òǹtẹ̀ yìí ló fi hàn pé omi wa ti mọ́. Mo bi í pé ṣé ká rì í bọ omi ni àbí ká fi bo ìkòkò lórí. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ bá rì tiwa bọ omi. Kó tó dìrọ̀lẹ́, tàdáwà ti sọ omi di aró. Télọ̀ tó múlé tì wá ní ìwé tòun náà ò jẹ́, inú ṣì ń run ọmọ òun.

Lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, oorun gbé mi lọ lórí àga, mo bá ara mi nínú ẹ̀kán omi kan. Ibẹ̀ tutù, ó mọ́lẹ̀ roro, mò ń rìn, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Àwọn kòkòrò rẹ ń kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìkùukùu, wọ́n ń kí mi kú ìrìn. Ọ̀gá ìjọba wà níbẹ̀, tòun ti mọ́tò rẹ̀, wọn ò tóbi ju eruku lọ, ó ń lu omi lóǹtẹ̀, òǹtẹ̀ ò hàn. Ojú kan wá ṣí lókè, ó fẹ̀ ju òṣùpá lọ. Mo mọ̀ ọ́n, ojú rẹ ni lẹ́nu awò yẹn, èmi ni mo nu omijé rẹ̀ ní kékeré. Ọ̀gá náà ń pariwo pé kí ojú náà dì. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

Ọmọ mi, má kọ ọ́. Bí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra igi ìdáná, torí àtìgbà tí mo ti jí la ti ń se omi ká tó mu ún. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín àwọn alágbára.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń mu omi gbígbóná nítorí ọ̀rọ̀ rẹ.