Pẹ́dà Tó Ń Dá Ọ̀rọ̀ Mọ́ Dókítà Lẹ́nu

Ọmọ mi àtàtà,

Èmi ni o! Má wulẹ̀ bi ẹlòmíràn léèrè. Èmi bàbá rẹ kékeré ni mo wá pẹ́dà yẹn rí, èmi ni mo dì í, èmi ni mo gbé e fún awakọ̀, èmi náà ni mo sì dúró tì í títí ó fi ṣáná sí mọ́tò. Ká ní àwọn tó kàwé jáde nínú ilé yìí la gbé iṣẹ́ náà fún ni, wọn ì bá ṣì máa ṣèpàdé lé e lórí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, mo sì fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ torí tíṣà ò ní nǹkan tuntun fún mi mọ́.

Jẹ́ kí n tiẹ̀ kí ọ ná. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iná ń wá, ṣé yàrá ò móoru jù? Kí Ọlọ́run bá wa dá etí rẹ sí, torí etí loko rẹ, ìka sì lọkọ́ rẹ. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ọ́ lọ, mo sì mọ̀ pé ò ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe pè ọ́ lọ́mọ mi, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá, bàbá ni. Rẹ́rìn-ín tán, kó o kúnlẹ̀ kí mi.

Nígbà tó o pe ìyá rẹ lọ́jọ́ Ajé pé o gbàgbé pẹ́dà dúdú tó o máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ tábìlì sílé lọ́dọ̀ wa, pé iṣẹ́ ò yá láìsí i, pé kọ́ńpìnnì ní kó o parí ti ọ̀sẹ̀ yìí kó tó di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tàbí kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ, ṣe nilé dàrú. Bàbá rẹ ní òun ti wí tẹ́lẹ̀. Ó ní irú iṣẹ́ wo ni iṣẹ́ tí kò ní ọ́fíìsì, tí kò ní ọ̀gá téèyàn lè lọ bẹ̀, tí ọmọ ẹni á kàn ti ara rẹ̀ mọ́lé, tí á máa tẹ ohun tí dókítà sọ sínú rẹ́kọ́dà nípa ẹ̀dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kó o di ẹrù rẹ máa bọ̀ wálé kíákíá. Ìyá rẹ ò lè jẹun. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ṣebí pẹ́dà ni? Ta ló mọ pẹ́dà tó èmi télọ̀?

Mo sì mọ ìdí iṣẹ́ rẹ o. Nígbà tó o wá kí wa, mo yọjú lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, mo bá ọ pẹ̀lú nǹkan tó o kì bọ etí. Bó o bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, dókítà á máa sọ̀rọ̀. Bó o bá gbẹ́sẹ̀, á panu mọ́. Nǹkan ńlá! Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti fẹ́ ìyá rẹ, kò rí irú ẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n àánú dókítà yẹn ń ṣe mí. Lọ́jọ́ náà o gbẹ́sẹ̀, o lọ wẹ̀, o jẹun, o tún bá ìyá rẹ ká aṣọ lórí okùn. Ibo ni ọkùnrin yẹn wà ní gbogbo àsìkò yẹn? Ṣé orí ìdúró ni, tòun ti ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tí aláìsàn sì ń wò ó? Jọ̀ọ́, bó o bá fẹ́ dìde, jẹ́ kó parí gbólóhùn. Bá mi kí i, ní bàbá rẹ kékeré ní kó má bínú, a kọ́ ọ nílé. Bó bá sì ń sáré sọ̀rọ̀, rọra máa tẹ̀ ẹ́. Béèyàn bá tẹ máṣíìnì jù, òwú á já.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, awakọ̀ ní òun ò gbé ohun tí òun ò mọ̀. Mo ní ẹnu dókítà ni. Ó fò sẹ́yìn! Ìgbà tí mo ṣàlàyé tán ló tó gbà á, ló bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ níwájú bí ẹni gbé ẹyin.

Ìgbà tó o wá pè lánàá pé o ti gbà á, pé o ti parí iṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, pé kọ́ńpìnnì ní ipò rẹ ò yẹ̀, ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ ní òun ò tiẹ̀ sọ pé kó o wálé, ó ní àwàdà ni. Ó ti lọ sọ fún onígbàjámọ̀ pé bí kì í bá ṣe ọmọ òun, àwọn dókítà kan ò ní rántí ohun tí wọ́n wí. Ara tù wá, ọmọ mi. Mo sun oorun àsùnhanrun.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Epo máṣíìnì mi ló tán. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bọ́, etí rẹ ò ní gbọ́ ibi, ibi tó o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ á máa dáhùn.

Ó ku ẹyọ ohun kan. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ pẹ́dà yẹn títí, dókítà ò sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ti gbẹ, ni mo bá tú u, mo ta epo sí i. Ìgbà tí mo dè é padà, nọ́ọ̀tì onírin kékeré kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tó ti wá. Mo ti fi òwú dúdú rán an mọ́ igun ìwé yìí. Má sọ fún bàbá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré