Ìgbìmọ̀ tí Mo Ní Kí Wọ́n Tú Ká

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìrètí-Ayọ̀,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Fọláwùmí àtàtà,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì? Bàbá Kíkẹ́ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jí lọ sóko kòkó bí ọmọ ogún ọdún? Ara wa le níhìn-ín, ojú ló kàn ń tì mí. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí mo mọ̀ pé ẹ̀rín yín ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ẹ rántí pé mo pè yín lóṣù Kẹjọ, tí mò ń fọ́nnu pé wọ́n ti yàn mí mọ́ àwọn márùn-ún tí yóò yẹ gbogbo ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn ìlú wò, kí a sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó kàn ń jẹ orúkọ lásán. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, kí ló tún ń wá? Mo ra bíírò pupa mẹ́ta. Mo tilẹ̀ kọ́ Àánú, ìyàwó yín, bí yóò ṣe máa dá àlejò lóhùn pé, "Ọ̀gá wà lẹ́nu iṣẹ́ ìlú." Ó wò mí, ó ní kí n lọ sọ omi kalẹ̀ lórí iná.

Ìgbìmọ̀ mẹ́tàlá ni a yẹ̀ wò. Ti ọjà ń gbìyànjú. Ti ilé-ìkàwé ní ènìyàn mẹ́ta tó ṣì ń wá sípàdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé orí Ìgbìmọ̀ Olùdámọ̀ràn lórí Gọ́tà àti Àgbàrá, inú bí mi. Ó pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n jókòó. Lẹ́tà mẹ́fà wà nínú fáìlì wọn, obìnrin aránṣọ kan tó ń jẹ́ Hameedat ló kọ gbogbo rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òpópónà wa níbí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó ní gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ kò ní ibi tí omi yóò gbà jáde, inú ṣọ́ọ̀bù òun ló ń wọ̀. Ẹ̀kẹfà kò gùn: "Ẹ jọ̀ọ́, òjò tún ti ń ṣú. Ṣé ẹnikẹ́ni ń ka ìwé mi?" Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ni mo bá dìde. Ẹ mọ̀ mí tí mo bá ti dìde. Mo ní ọ̀lẹ ni gbogbo wọn, oyè ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ iṣẹ́. Mo ní kí a tú wọn ká lọ́jọ́ náà gan-an, kí a sì ka orúkọ wọn lórí rédíò kí gbogbo Àkúrẹ́ gbọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo ká apá agbádá mi sókè.

Alága wa, Ìyáàfin Oyèbọ́lá, agbẹjọ́rò tí kì í pariwo, ní kí Ọlámipọ̀sí akọ̀wé ka orúkọ àwọn ọ̀lẹ náà. Ọlámipọ̀sí ka ẹni àkọ́kọ́. Ó dé orí ẹnì kejì, ó gbójú sókè wò mí.

"Kà á, má bẹ̀rù ẹnikẹ́ni," ni mo wí.

"Sà, ẹ̀yin ni."

Mo gba ìwé náà. Orúkọ mi ni, ìbuwọ́lùwé mi sì wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ìrù gígùn tí mo máa ń fà sí i. Ìgbà náà ni mo rántí ọjọ́ kan tí wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn, tí wọ́n fún wa ní ìrẹsì àti ẹlẹ́rìndòdò, tí a fọwọ́ sí ìwé, tí a ya fọ́tò. Mo rò pé àpèjẹ àwọn tó fẹ̀yìntì ni! Fọ́tò yẹn ni mo gbé kọ́ sí pálọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, amúkùn-ún ni mí, tó ń bá ẹlòmíràn wí pé ẹrù rẹ̀ wọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù. Ìyáàfin Oyèbọ́lá kàn bi mí wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Ṣé ti rédíò yẹn ṣì wà ńbẹ̀, sà?"

Mo lè ní mi ò mọ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kẹfà yẹn kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi. Lọ́jọ́ kejì mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Hameedat. Orí búlọ́ọ̀kù ló gbé máṣíìnì rẹ̀ lé, ó fi àpò yanrìn dí ẹnu ọ̀nà. Mo ní lẹ́tà rẹ̀ ni mo wá fèsì sí.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni mọ́tò aláwọ̀ ewé tó máa ń ta omi sí wa lára?"

Mo ní èmi ni.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń retí yín."

Mo bẹ̀ ẹ́. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀. Ó mú mi lọ wo ẹ̀yìn ilé kan tí gọ́tà náà ti kàn dúró síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ parí. Mo ti ń gbé òpópónà yìí fún ọdún mọ́kànlá, mi ò dé ibẹ̀ rí.

Nígbà tí a tún jókòó, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tú ìgbìmọ̀ náà ká mọ́, torí iṣẹ́ wà fún un; àwa tí a kò wá ni kí wọ́n yọ, kí wọ́n sì ti orí mi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà, wọ́n sì gba àbá mi pé kí Hameedat bọ́ sí àyè mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wọlé, ó ti mú kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà náà dé odò. Òjò ńlá kan rọ̀ ní Sátidé. Omi dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kò wọlé. Ó ṣì ní iṣẹ́ kù.

Mo bá wọn lọ sípàdé àná, mo ní mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Hameedat fa àga kan fún mi lẹ́yìn.

"Ẹ jókòó, Bàbá," ló wí, "ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tẹnu wa lónìí."

Wákàtí méjì, ẹ̀gbọ́n mi! Mi ò sọ gbólóhùn kan. Ẹ bi Àánú tó tẹ̀ lé mi lọ, tí ẹ ò bá gbà mí gbọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bi mí ọjọ́ tí ìpàdé mìíràn yóò wáyé.

Ẹ bá wa kí Bàbá Kíkẹ́, Kíkẹ́ àti gbogbo ará ilé ní Oǹdó. Ọlọ́run yóò fún orúnkún yín ní agbára.

Èmi ni àbúrò yín, ọ̀lẹ tó ń yí padà,

Adémọ́lá